Títọpa eyín nínú ọlẹ̀ èkúté: ta ló rán àrokò, ta ló gbà á, ọjọ́ wo ni?

Eyín 16 péré ló wà lẹ́nu èkúté ilé. Ní òkè àti ní ìsàlẹ̀, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, eyín iwájú kan wà, eyín ẹ̀yìn mẹ́ta sì tẹ̀ lé e lókèèrè. Àárín wọn ṣófo gbalaja. Òfìfo yìí kì í ṣe èjí tí àwa fi ń ṣẹwà: ibẹ̀ ni eyín mìíràn ì bá hù sí bí àwọn jíìnì kan kò bá dí i lọ́nà, a ó sì padà débẹ̀. Èkúté kì í pààrọ̀ eyín. Kò ní eyín ọmọdé tí yóò jù sórí òrùlé. Èyí tó bá kọ́kọ́ hù náà ni yóò fi jẹun dọjọ́ ikú.

Ẹnu rẹ̀ kò díjú, oyún rẹ̀ kì í ju nǹkan bí ọjọ́ 19 sí 20 lọ, a sì lè yọ jíìnì kan ṣoṣo kúrò lára rẹ̀ kí a wo ohun tí yóò bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ara èkúté la ti rí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a mọ̀ nípa bí eyín ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Jíìnì tó ń ṣe iṣẹ́ náà lára rẹ̀ ló ń ṣe é lára wa.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣí ìwé ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí fún ìgbà àkọ́kọ́ á bá orúkọ jíìnì bíi Msx1, Bmp4, Shh àti Pax9 pàdé lójú ewé kan náà, orí rẹ̀ á sì dàrú. Mo mọ àwọn tó kọ́ gbogbo orúkọ wọ̀nyí sórí bí ẹni kọ́ oríkì, tí wọn kò sì lè sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ọ̀kan nínú wọn bá sọnù. Àrokò ni kí ẹ fi wò ó. Owó ẹyọ mẹ́fà tí ọmọkùnrin dì ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin láyé àtijọ́ ń sọ pé ọkàn òun fà sí i. Lọ́wọ́ ẹni tí kò gbọ́ àrokò, owó ẹyọ mẹ́fà lásán ni. Bẹ́ẹ̀ ni purotéènì kan náà ṣe lè sọ fún sẹ́ẹ̀lì kan pé kó máa pọ̀ sí i, kó sọ fún òmíràn pé kó dúró. Nítorí náà, níbi gbogbo tí a bá dé nísàlẹ̀ yìí, ẹ máa bèèrè: ta ló rán an, ta ló gbà á, ọjọ́ wo ni?

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ọjọ́ orí ọlẹ̀

Ìbéèrè nípa ọjọ́ ló gbẹ̀yìn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ló sì máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Bí akọ àti abo bá sùn pọ̀ mọ́jú, ẹ yẹ abo wò láàárọ̀. Bí ẹ bá rí nǹkan funfun líle kan tó dí ojú ara rẹ̀, akọ ti gùn ún. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn là ń pè ní E0.5 (E dúró fún embryo, ìyẹn ọlẹ̀), nítorí a gbà pé òru ló gboyún. Ọ̀sán ọjọ́ kejì di E1.5, à ń kà á lọ bẹ́ẹ̀.

Eyín ẹ̀yìn àkọ́kọ́ ti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe ìwọ̀n, torí òun ni gbogbo ènìyàn ń lò. Ní E10.5, awọ ẹnu ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n àrokò ti ń lọ ti ń bọ̀ lábẹ́lẹ̀. Ní E11.5, awọ náà ti nípọn ní ojú ibi tí eyín yóò wà. Láàrin E12.5 sí E13.5, ibi tó nípọn yìí rì wọnú ẹran abẹ́ rẹ̀, ó sì rúdi bí ìrudi òdòdó. Ní E14.5, ìsàlẹ̀ ìrudi náà ti tẹ kòtò, ó rí bí fìlà tí wọ́n dé sórí ẹran tó ṣù jọ. Ní E16.5, fìlà ti jìn sí i, ó ti di agogo, a sì ti lè rí ibi tí ṣóńṣó orí eyín yóò wà. Eyín náà kò ní yọ síta títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí wọ́n bá bí ọmọ èkúté. Ìrudi, fìlà, agogo: bí ìwé òyìnbó náà ṣe ń pè é nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí orúkọ mìíràn da yín láàmú.

Ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà nìkan kò tó. Àwọn ọlẹ̀ tó wà nínú ìyá kan ṣoṣo lè fi ìdajì ọjọ́ ju ara wọn lọ, ìdajì ọjọ́ sì tó láti sọ ìrudi di fìlà. Ẹ wo ọwọ́ wọn kí ẹ tó gé wọn. Ní E11.5, ọwọ́ iwájú ṣì tẹ́ bí àjẹ̀ ọkọ̀, ní E12.5, ilà ibi tí ìka yóò wà ti ń hàn, ní E14.5, orí àwọn ìka ti ń ya ara wọn. Mo ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko wá ìdí tí eyín ọlẹ̀ kan fi dá dúró, kí n tó rí i pé kò dá dúró rárá: ọjọ́ orí rẹ̀ ni mo kọ ní àṣìṣe sára ìgò.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ àwọn méjì tó ń sọ̀rọ̀

Ọ̀kan ni awọ ẹnu, tí ìwé ń pè ní epithelium. Òun ni yóò ṣe enamel, ìyẹn apá tó le jù tó bo eyín lókè. Èkejì ni ẹran abẹ́ awọ, mesenchyme. Àlejò ni ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì inú èyí: etí ibi tí awọ ẹ̀yìn ọlẹ̀ ti ká di ọ̀pá ọpọlọ ni wọ́n ti gbéra, wọ́n rìn títí wọ́n fi dé párì ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn ló ń ṣe dentine, ìyẹn apá líle tó wà lábẹ́ enamel, ẹran inú eyín àti okùn tó so eyín mọ́ egungun. Kò sí èyí tó lè dá eyín ṣe nínú àwọn méjèèjì.

Ta ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀? Iṣẹ́ tó dáhùn ìbéèrè yìí rọrùn láti ṣàlàyé: ẹ ya awọ kúrò lára ẹran, ẹ gbé awọ ibì kan lé ẹran ibòmíràn, kí ẹ sì wo ohun tí yóò hù. Ní 1970, Kollar àti Baird gbé awọ àtẹ́lẹsẹ̀ ọlẹ̀ èkúté lé ẹran eyín ẹ̀yìn tó ti dàgbà díẹ̀. Eyín ló hù. Ẹran ló ń pàṣẹ nígbà náà, awọ ẹsẹ̀ sì gbọ́ràn. Ní 1987, Mina àti Kollar bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú. Wọ́n rí i pé awọ párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti E9 sí E11.5 lè mú kí ẹran tó wá láti ibòmíràn nínú ọlẹ̀ ṣe eyín. Bó bá ti di E12, awọ náà kò lè pàṣẹ mọ́, ẹran abẹ́ rẹ̀ ló ti gba àṣẹ. Ẹ fi ilà sábẹ́ E12 nínú ìwé yín. Ohun tí a bá sọ nípa ìṣáájú rẹ̀ lè yí padà pátápátá lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ ó gbọ́ ìtàn mìíràn nínú ẹ̀ka yìí, ti awọ ọmọ adìyẹ tí wọ́n gbé lé ẹran eyín èkúté ní 1980 tí wọ́n sì ní ó hu eyín tó ní enamel. Ìtàn náà dùn, àmọ́ ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n wá ka gbogbo jíìnì adìyẹ tán, wọ́n rí i pé àwọn tó ń ṣe enamel ti bàjẹ́ tàbí ti sọnù lára ẹyẹ látayébáyé. Ó jọ pé awọ èkúté díẹ̀ ló ṣẹ́ kù sára ẹran náà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ya àrokò sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń kà á

Ìdílé mẹ́rin ló ń rán iṣẹ́ jù nínú eyín: FGF, BMP, WNT àti SHH. EDA jẹ́ ẹ̀karùn-ún tí a ó pàdé tó bá yá. Purotéènì ni gbogbo wọn. Sẹ́ẹ̀lì kan á tú wọn síta, òmíràn tó ní ohun tó ń gbà wọ́n lára á sì gbà wọ́n.

Msx1, Pax9, Barx1 àti Lef1 kò sí nínú ẹgbẹ́ yìí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú. Àwọn yìí kì í jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì. Wọ́n dà bí àwọn tó wà láàfin, tí wọ́n ń ka àrokò tó wọlé, tí wọ́n sì ń pinnu jíìnì tó yẹ kó jí àti èyí tó yẹ kó sùn. Ẹ̀yà kẹta ni àwọn adènà, bíi Noggin tó ń di BMP mú lójú ọ̀nà kó má baà dé ibi tó ń lọ.

Ọ̀nà ìkọ̀wé náà ní ìtumọ̀. Msx1 tí lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan tóbi jẹ́ jíìnì èkúté. MSX1 tí gbogbo rẹ̀ tóbi jẹ́ jíìnì ènìyàn, tàbí purotéènì, ìbáà jẹ́ ti èkúté tàbí ti ènìyàn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: E10 sí E11, níbo ni, irú eyín wo sì ni?

Ní àsìkò yìí awọ ló ń pàṣẹ. Awọ ti ẹ̀yìn párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń rán FGF8, ti iwájú ń rán BMP4. FGF8 jí Barx1 nínú ẹran ẹ̀yìn. BMP4 jí Msx1 nínú ẹran iwájú, kò sì jẹ́ kí Barx1 débẹ̀. Pax9 náà ń gbọ́ àwọn méjèèjì: FGF8 ń jí i, BMP4 ń pa á. Ibi tí FGF8 ti borí nìkan ni Pax9 ti ń tàn, ìyẹn ni pé ó ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ti ń rí i níbẹ̀ kí awọ tó nípọn rárá.

Ní 1998, Tucker, Matthews àti Sharpe ní Lọ́ńdọ̀nù dán èyí wò. Wọ́n ki ìlẹ̀kẹ̀ kékeré kan tó ń fa purotéènì mu, tí wọ́n rẹ sínú Noggin, bọ iwájú párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọlẹ̀ E10. Noggin di BMP mú, Barx1 ráyè wọ iwájú, nígbà tí wọ́n sì jẹ́ kí eyín náà dàgbà, eyín tó jọ ti ẹ̀yìn ló hù níbi tó yẹ kí eyín iwájú wà. Wọn kò fi àṣẹ tuntun kankan kún un. Àrokò kan tí kò dé ló yí irú eyín padà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìrudi, ibi tí eyín púpọ̀ ti ń kú

Bí ẹ bá ní àsìkò fún ibì kan ṣoṣo, ibí ni kí ẹ lò ó.

Ní nǹkan bí E12, Bmp4 parẹ́ nínú awọ, ó sì fara hàn nínú ẹran abẹ́ rẹ̀. Báwo ló ṣe ṣí lọ? Ní 1993, àwọn ará ilé ìwádìí Irma Thesleff ní Helsinki, ní Finland, rẹ ìlẹ̀kẹ̀ sínú BMP4, wọ́n sì gbé e lé ẹran párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí kò ní awọ lórí mọ́. Láàrin ọjọ́ kan, ẹran tó yí ìlẹ̀kẹ̀ náà ká mọ́lẹ̀ gbòò, ó tan Msx1, ó tan Msx2, ó sì tan Bmp4 tirẹ̀. Ìyẹn ni pé àrokò náà jí ẹni tí yóò rán irú rẹ̀ padà.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, Satokata àti Maas yọ Msx1 kúrò lára èkúté. Wọ́n bí àwọn ọmọ náà pẹ̀lú àjà ẹnu tó là, kò sì sí eyín lẹ́nu wọn. Nígbà tí wọ́n gé orí àwọn ọlẹ̀ wò, eyín ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó rúdi, ó sì dúró síbẹ̀. Kò di fìlà.

Ẹ dákẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó kà síwájú, kí ẹ lo ìbéèrè wa. Inú ẹran ni Msx1 ń gbé. Awọ ti sọ̀rọ̀ tirẹ̀ tán ní E12, ìdí nìyẹn tí ìrudi fi wà. Ẹran ló kàn láti dáhùn. Bí Msx1 kò bá sí, kí ni kò ní dé ọ̀dọ̀ awọ?

BMP4 ni. Chen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1996 pé Bmp4 kò tàn mọ́ bó ṣe yẹ nínú ẹran ọlẹ̀ tí kò ní Msx1, kódà bí wọ́n bá gbé ìlẹ̀kẹ̀ BMP4 sí i. Ẹran yẹn ń gba àrokò, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò kà á láàfin, nítorí náà kò rán èsì. Wọ́n wá fi BMP4 láti ìta sí ìrudi tí kò ní Msx1, eyín náà sì tẹ̀ síwájú. Èsì tó sọnù ni wọ́n bá a rán. Kò tún gbogbo nǹkan ṣe, torí Msx1 ní iṣẹ́ mìíràn, àmọ́ ó kọjá ibi tó ti há.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti lóye èyí, àwọn yòókù á yára yé yín. Eyín èkúté tí kò ní Pax9 dúró ní ìrudi, inú ẹran ni Pax9 náà wà, Bmp4 sì dín kù níbẹ̀. Ti Lef1 dúró ní ìrudi pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ yàtọ̀: Lef1 ló ń ka WNT, FGF4 sì ni èsì tó sọnù. Nígbà tí Kratochwil àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ fi ìlẹ̀kẹ̀ FGF4 sí i, ìdàgbàsókè tún bẹ̀rẹ̀. Èkúté méjì lè dá dúró lójú ibi kan náà kí ohun tó dá wọn dúró má jọra. Ẹ má máa wo ibi tó dúró nìkan. Ẹ wá àrokò tí yóò gbé e dìde.

Ní ti ènìyàn, wọ́n rí ìdílé kan ní 1996 tí MSX1 wọn ní àbùkù, tí àwọn eyín ẹ̀yìn kan kò sì hù lẹ́nu wọn. Ní 2000 wọ́n rí ti PAX9. Ìyàtọ̀ kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Èkúté tó pàdánù ẹ̀dà Msx1 kan nínú méjì ṣì ń hu eyín rẹ̀ pé. Ènìyàn tó pàdánù ẹ̀dà kan ti lè máa wá eyín tì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ wá kókó

Bí ìrudi ti ń di fìlà, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ní àárín awọ náà ṣù jọ. Kókó enamel ni wọ́n ń pè é. Ó kéré, kì í pẹ́ nílẹ̀, òun ló sì ń pinnu bí eyín yóò ṣe rí.

Ìwà rẹ̀ ṣàjèjì. Ó ń rán FGF4, SHH, BMP àti WNT lẹ́ẹ̀kan náà. FGF4 ń sọ fún gbogbo aládùúgbò pé kí wọ́n pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì kókó fúnra wọn kì í pín. Bí onílù tí kì í jó ni wọ́n rí. Jernvall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Helsinki ló fi èyí hàn ní 1994. Wọn kò ní ohun tí ń gba FGF lára, jíìnì p21 tó ń dá pípín sẹ́ẹ̀lì dúró sì ń ṣiṣẹ́ nínú wọn. Ọ̀tún pọ̀, òsì pọ̀, àárín dúró: bí awọ ṣe ń tẹ̀ di fìlà nìyẹn. Bí iṣẹ́ bá parí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì kókó a pa ara wọn.

Ní ìpele agogo, kókó tuntun á yọ, ọ̀kan ní ojú ibi tí ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan yóò wà lórí eyín. Bí ẹ bá fẹ́ rí i kedere, ẹ wá ibi tí Shh tàbí Fgf4 ti ń tàn nínú àwòrán: àmì aró kékeré yẹn ni máàpù orí eyín, ọjọ́ púpọ̀ kí eyín náà tó le.

EDA ń ṣiṣẹ́ níbí. Èkúté Tabby, tí Eda rẹ̀ bàjẹ́, ní kókó tó kéré. Eyín ẹ̀yìn rẹ̀ kéré, ṣóńṣó orí rẹ̀ tẹ́, ẹ̀kẹta sì lè máà hù rárá. Irun rẹ̀ náà kò pé, torí awọ tó ń hu irun ń lo EDA kan náà. Ènìyàn tó ní àbùkù yìí kì í làágùn dáadáa, eyín rẹ̀ sì máa ń kéré níye, á rí ṣóńṣó. Ní 2003 wọ́n fún abo Tabby tó lóyún ní purotéènì EDA tí wọ́n ṣe, púpọ̀ nínú àbùkù ọmọ inú rẹ̀ sì lọ. Ní 2018 àwọn dókítà ní Erlangen, ní Jámánì, ròyìn pé àwọn fún ọmọ mẹ́ta ní irú rẹ̀ nínú oyún, àwọn ọmọ náà sì ń làágùn. Ọjọ́ ni gbogbo àṣírí rẹ̀: àrokò náà ní láti dé nígbà tí ẹni tí yóò gbà á ṣì wà nídìí iṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ fi ìlẹ̀kẹ̀ bèèrè fúnra yín

Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ẹran ìwádìí ní ilé ẹ̀kọ́ yín kí ẹ tó fọwọ́ kan èkúté kankan. Lẹ́yìn náà:

Ẹ mú ọlẹ̀ E11.5, ẹ fi sínú omi iyọ̀ tútù, ẹ sì máa wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù bí ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ gé orí, ẹ ya párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀, ẹ yọ ahọ́n kúrò. Abẹ́rẹ́ tín-ínrín méjì dára ju ọ̀bẹ lọ: ẹ fi ọ̀kan di ẹran náà mú, ẹ fi èkejì gé e. Ẹ gé apá ẹ̀yìn tí eyín ẹ̀yìn yóò ti hù, ẹ sì fi í sínú ènsáìmù dispase fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé etí awọ ti ń ṣí, ẹ gbé e sínú omi tó ní sẹ́rọ́ọ̀mù kí ènsáìmù dúró, ẹ wá fi abẹ́rẹ́ bó awọ kúrò. Bó bá pẹ́ jù nínú ènsáìmù, ẹran náà á yọ̀ bí ilá, kò sì sí àtúnṣe.

Ìlẹ̀kẹ̀ agarose aláwọ̀ aró ni ẹ ó lò fún BMP. FGF fẹ́ èyí tó ní heparin lára. Ẹ rẹ ẹ́ sínú purotéènì fún ìdajì wákàtí ní ìwọ̀n ooru 37 ti Celsius. Ẹ tẹ́ ẹran náà sórí asẹ́ tín-ínrín, kí asẹ́ wà lórí àwọ̀n irin, kí omi oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì kàn án nísàlẹ̀ láì bò ó mọ́lẹ̀, torí ó fẹ́ afẹ́fẹ́. Ẹ gbé ìlẹ̀kẹ̀ kan lé e. Sára ẹran ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ gbé ìlẹ̀kẹ̀ tí ẹ rẹ sínú purotéènì BSA lásán. Ẹni tí kò bá ní ìlẹ̀kẹ̀ kejì yìí kò tíì ṣe ìwádìí kankan, torí ọgbẹ́ abẹ́rẹ́ nìkan lè jí jíìnì kan.

Lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ fi formaldehyde ìdá 4 nínú 100 dì í, kí ẹ sì fi àmì RNA tó ń di aró wá Msx1. Bí òrùka aró bá yí ìlẹ̀kẹ̀ BMP4 ká, tí ti BSA sì mọ́, ẹ ti rí ohun tí wọ́n rí ní Helsinki.

Bó bá jẹ́ pé eyín odindi lẹ ń wá, ọjọ́ kan kò tó. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà a gbin ẹran tí wọ́n pa pọ̀ sí abẹ́ awọ kíndìnrín èkúté àgbà fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, torí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ ka èkúté tí jíìnì rẹ̀ ti yí

Ẹ kọ́kọ́ bèèrè bí wọ́n ṣe gé e. Fìlà tí wọ́n gé ní ìdàgẹ̀rẹ̀ lè jọ ìrudi pátápátá. Bí wọn kò bá fi ọ̀pọ̀ ègé tó tẹ̀ léra hàn, ẹ má gba ọ̀rọ̀ pé eyín dá dúró.

Ẹ tún rántí pé àbùkù lè jẹ́ àpọ̀jù. Àwọn jíìnì kan tí à ń pè ní Sprouty ń dín agbára FGF kù. Nígbà tí wọ́n yọ Sprouty2 tàbí Sprouty4 kúrò, eyín hù nínú òfìfo gbalaja tí a rí níbẹ̀rẹ̀. Ìrudi kékeré wà níbẹ̀ lára gbogbo èkúté, àrokò tó ń bọ̀ wá ni kì í tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni USAG-1, tó ń dí BMP àti WNT: bí kò bá sí, eyín á lé. Orí èyí ni àwọn oníwádìí Kyoto, ní Japan, gbé oògùn kan kà tó ń dí adènà náà fúnra rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò lára ènìyàn ní 2024. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti 2006, nígbà tí Järvinen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú kí ọ̀nà WNT máa ṣiṣẹ́ láìdúró nínú awọ: eyín ń ti ara eyín hù, ọ̀pọ̀ rẹ̀ láti inú ẹyọ kan.

Iṣẹ́ àṣetiléwá kan kù, kò sì gba yàrá ìwádìí. Ní 2007, Kavanagh, Evans àti Jernvall fi abẹ́rẹ́ gé ìrù tó wà lẹ́yìn eyín ẹ̀yìn àkọ́kọ́, níbi tí eyín kejì yóò ti hù, kúrò lára rẹ̀ nínú àwo. Eyín kejì bẹ̀rẹ̀ kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀, ó sì tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Eyín àkọ́kọ́ ló ń fi àrokò dá àwọn àbúrò rẹ̀ dúró. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé, bó bá rí bẹ́ẹ̀, ojú eyín kejì yóò máa jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àpapọ̀ ojú eyín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, yálà àkọ́kọ́ ló tóbi jù tàbí ẹ̀kẹta. Ẹ má lo èkúté tí ẹ pa nílé, torí irú kan nínú wọn ló ń gbé àrùn Lassa kiri. Ẹ wá agbárí èkúté tó ti gbẹ nínú àpótí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹranko, ẹ ya fọ́tò eyín ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ láti òkè, ẹ fi gígùn kọ̀ọ̀kan sọ ìbú rẹ̀ di púpọ̀, ẹ ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kí ẹ sì fi ti àárín wé àpapọ̀ náà.